Ìdúpẹ́ Nítorí Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́

Ìyànà Ọ̀fà, Ìbàdàn
9 Oṣù Kìíní, 1994

Olúmúyìwá Àkànbí, ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọmọ́ṣọlá aya rẹ ńkọ́? Ṣé òtútù ọ̀hún kò pọ̀ jù? Àlàáfíà ni a wà níbí. Ọyẹ́ ọdún yìí le, ètè gbogbo wa ti là, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà.

Fọ́tò Kérésì tí ẹ fi ránṣẹ́ dé. Mo wò ó títí. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrọ̀rí ni o fi sábẹ́ ẹ̀wù. Mùjíbátù aláṣọ tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ní, “Màmá, ọmọ yín ti lówó o!” Mo ní owó kọ́ ni mo rí, ikùn ni.

Àwọn ẹlòmíì a máa yọ̀ bí ọmọ wọn bá sanra. Èmi ò lè yọ̀, torí mo mọ ohun tí ojú mi rí lára bàbá rẹ. Nígbà tí Rufus ń gun kẹ̀kẹ́ kiri abúlé láti máa yẹ kòkó wò fún ìjọba, láti Lálúpọn dé Ọ̀fà-Igbó, orí kì í fọ́ ọ. Ọdún tí wọ́n gbé e wọ ọ́fíìsì, tí wọ́n fún un ní àga tó ń yí, ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà pè é. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni nígbà tó ṣubú sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ìwọ náà ti lé ní ogójì.

N kò bèèrè owó, n kò bèèrè aṣọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́dún yìí: lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, kí o sì wá nǹkan ṣe sí ara yẹn. Má kọ “mo ti gbọ́, Màmá” sí mi o. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo mọ ìdáhùn ọmọ tí kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morónikẹ́


Sheffield, Ìlú Ọba
Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹta, 1994

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ́ṣọlá náà kúnlẹ̀, ó ní ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà á. Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ga. Dókítà ní òun kò ní fún mi lóògùn ná, kí n kọ́kọ́ lo ara mi fún oṣù mẹ́fà kí a wo ibi tí yóò já sí. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ ò ní bá mi wí jù: àárọ̀ dalẹ́ lórí ìjókòó, ìwé lọ́tùn-ún, ìwé lósì.

Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan wà ládùúgbò wa. Jìmí, ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló mú mi mọ̀ wọ́n. Kẹ̀kẹ́ níbí kì í ṣe nǹkan ìtìjú o, Màmá. Dókítà ń gùn ún, adájọ́ ń gùn ún. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ènìyàn kàn ń forúkọ sílẹ̀ wọ̀. Wọ́n ní láti rí i pé ara rẹ gbà á. Máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń dán ènìyàn wò, bí ẹni gùn láti Ìyànà Ọ̀fà dé Ìwó tó tún ṣẹ́rí padà díẹ̀. O kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn. Òkè gíga kan wà lọ́nà, o kò sì gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí o máa ti kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Àgbà ni púpọ̀ nínú wọn. Bàbá kan ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Màmá, ẹ bá mi yọ̀. Mo ti yege. Wọ́n ti gbà mí wọlé.

Láyí, ọmọ Ìyá Àpèkẹ́, ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ọ̀la Jímọ̀ ni bàálù rẹ̀ ń gbéra, ìdí nìyí tí mo fi ń kánjú. Ẹ̀wù òtútù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún yín.

Ọmọ yín,
Olúmúyìwá


Ìyànà Ọ̀fà
5 Oṣù Kẹrin, 1994

Àkànbí ọkọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìnira, ẹsẹ̀ rẹ kò ní rọ. Láyí dé. Kò tíì jókòó tí mo ti gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo fò sókè. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí gbàgbé pé òun ń dùn mí.

O mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń ṣe ìdúpẹ́ kiri. Nínú ìjọ wa, ẹni tó ra ààrò tuntun á dúpẹ́, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù tó padà wálé á dúpẹ́, èmi a sì máa rẹ́rìn-ín sínú. Láti ìgbà ìsìnkú bàbá rẹ, n kò tíì jó lọ síwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àjíǹde, mo kọ tèmi sórí ìwé ọpẹ́. Ajíbádé, akọ̀wé ìjọ, gbé e sókè, ó kà á sétí gbogbo ènìyàn: “Màmá Ọ̀gá ń dúpẹ́ nítorí ọmọ wọn Olúmúyìwá, tí ara rẹ̀ le koko tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó dán an wò, tí wọ́n sì gbà á sí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wọn.”

Ilé Ọlọ́run mì tìtì. Mo jó. Mùjíbátù, ọmọ Mùsùlùmí, wọ aṣọ tuntun wá bá mi jó. Mo sunkún díẹ̀ pẹ̀lú, torí mo rò ó pé ọmọ Rufus kò ní kú ikú Rufus. Lẹ́yìn náà ni mo ka Bíbélì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń kà á fún wọn, wọ́n sì ní ohùn mi kò dùn bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá Fíkà fẹ́ rí fọ́tò rẹ nínú aṣọ ẹgbẹ́. Gbogbo ìjọ ni wọ́n ń bèèrè. Tètè fi ránṣẹ́. Kí o dúró ti kẹ̀kẹ́ náà dáadáa, kí o sì fa ikùn sínú.

Ìyá rẹ tí inú rẹ̀ dùn,
Morónikẹ́


(Lẹ́tà tí Olúmúyìwá kọ, tí kò fi ránṣẹ́)

Sheffield
2 Oṣù Karùn-ún, 1994

Màmá mi,

Wọn kò gbà mí o. Nígbà tí mo kọ̀wé sí yín, wọn kò tíì dán mi wò rárá. Jímọ̀ ni Láyí ń lọ, Sátidé ni ìdánwò. Mo ní bí Láyí bá ti lọ, ìgbà wo ni màá tún rí ẹni tó ń bọ̀ nílé? Mo wo àwọn arúgbó inú ẹgbẹ́ náà, mo ní bí ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin bá ń gùn ún, kí ló fẹ́ ṣe èmi? Mo bá kọ ọ́ bí ohun tó ti ṣẹlẹ̀, pé kí Sátidé wá bá a níbẹ̀.

Máìlì mẹ́sàn-án péré ni mo gùn. Nígbà tí a dé ìdí òkè yẹn, itan mi kọ̀, àyà mi ń lù kìkì, ojú mi ń ṣú. Mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sórí koríko, mo bì. Gbogbo wọn ti lọ. Bàbá àgbàlagbà yẹn ló yí padà wá bá mi, ó fún mi lómi, ó ń fọwọ́ rọra gbá mi lẹ́yìn. Màmá, ó sàn kó bú mi. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ti kẹ̀kẹ́ náà wálé.

Ẹ sì ti jó. Iwájú pẹpẹ ni ẹ ti jó. Bí mo bá sọ òótọ́ fún yín báyìí, báwo ni ẹ ṣe fẹ́


Sheffield
30 Oṣù Kẹfà, 1994

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé lẹ́tà mi pẹ́, iṣẹ́ ló pọ̀. A wà dáadáa.

Fọ́tò tí ẹ bèèrè nìyí. Aṣọ tí ẹ rí lọ́rùn mi ni aṣọ ẹgbẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ẹ má wulẹ̀ máa fi han ènìyàn. Ojú ń tì mí.

Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹsẹ̀ yín?

Ọmọ yín,
Olúmúyìwá


Ìyànà Ọ̀fà
8 Oṣù Kẹjọ, 1994

Àkànbí,

Ojú ń tì ọ́ kẹ̀? Ojú kí ló ń tì ọ́? Olè lo jà ni?

Mo ti fi fọ́tò náà sínú férémù, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, níbi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti kọ́kọ́ rí i. Aṣọ yẹn fún ọ lọ́rùn o. Sọ fún wọn kí wọ́n rán òmíràn fún ọ, wọ́n ṣe bí ẹni pé ọmọ kékeré ni wọ́n wọ̀n.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o ti ṣe fún wa níbí. Mùjíbátù, tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ru, ti ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀. Ó ní bí ọmọ Màmá bá lè ṣe é nínú òtútù, òun náà á ṣe é nínú oòrùn. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti yọ kẹ̀kẹ́ bàbá wọn jáde láti inú àká, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti gùn dé Lálúpọn kó sì padà láìsọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Ẹ̀gbọ́n Múyìwá.

Ìkórè wa ń bọ̀ nínú oṣù kọkànlá. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ sínú ìwé ètò. Kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú kan sí àwọn ọ̀dọ́ náà, pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mú ara le tí yóò fi gun òkè bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá kà á fún wọn. Má jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá rẹ,
Morónikẹ́


Sheffield
20 Oṣù Kẹsàn-án, 1994

Màmá mi,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

N kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. N kò yege. Ọjọ́ kẹta ọjọ́ tí mo kọ̀wé pé wọ́n ti gbà mí ni wọ́n tó dán mi wò. Láyí ń lọ, mo fẹ́ kí ìròyìn ayọ̀ bá a lọ, mo sì dá ara mi lójú. Mo já, Màmá. Ìdí òkè ni mo jókòó sí tí mò ń bì. Aṣọ inú fọ́tò, Jìmí ló ni ín. Mo yá a fún wákàtí kan. Òun ló yà mí pẹ̀lú. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo parọ́ fún òun náà.

Mo ti tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n tún fi mí sílẹ̀ níbi òkè yẹn kan náà.

Mo ti ka lẹ́tà yín nípa Mùjíbátù àti àwọn ọ̀dọ́ náà, mo sì rí i pé n kò lè jẹ́ kó pẹ́ jù báyìí lọ. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi ni mo gbé ẹ̀sín wá bá yín lọ́jọ́ ogbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ka ohunkóhun lórúkọ mi níbi ìkórè. Ẹ yọ fọ́tò yẹn.

Ọmọ yín tí ojú tì,
Olúmúyìwá


Sheffield
15 Oṣù Kejìlá, 1994

Màmá mi,

Ó di oṣù mẹ́ta tí n kò gbóhùn yín. Mo pe tẹlifóònù ilé Bàbá Fíkà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ara yín le, wọ́n ránṣẹ́ pè yín, ẹ ò wá. Ẹ bú mi, Màmá. Ẹ fi lẹ́tà nà mí bí ẹ ṣe ń fi ẹgba nà mí. Èyí tí ẹ ń ṣe yìí, n kò lè fara dà á.

Olúmúyìwá


Ìyànà Ọ̀fà
6 Oṣù Kejì, 1995

Olúmúyìwá,

Mo kí ọ. Mo kí aya rẹ.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo yọ fọ́tò rẹ kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ mọ́ ju ibi yòókù lọ, gbogbo àlejò ló sì ń bèèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Òkè tí o kò lè gùn kọ́ ló bí mi nínú. Ta ló bí ọ pé kí o gun òkè? Ká ní o kọ̀wé pé “Màmá, mo gbìyànjú, mo bì,” màá bá ọ sunkún, màá sì ní kí o tún lọ. O kò fọkàn tán mi tó láti já níṣojú mi. Ìyẹn ló dùn mí.

Nígbà tí ìkórè kù dẹ̀dẹ̀, mo mọ̀ pé ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà ni mo ní láti gbà á padà. Mo ti na ọmọ nítorí irọ́ tó kéré sí tìrẹ. Ajíbádé akọ̀wé fúnra rẹ̀, mo mú un kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé lọ́jọ́ kan torí ó ní ìyá òun ń ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ ara ìyá rẹ̀ le. Lọ́jọ́ ìkórè, mo dìde lẹ́yìn ìkéde. Ohun tí mo fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu mi: “Ọmọ mi parọ́ fún mi.” Mo gbójú sókè, mo rí gbogbo wọn. Ìdajì wọn ló jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ wọn ní A, B, D.

Múyìwá, ẹnu mi kò lè sọ ọ́. Ohun tí mo gbọ́ pé mo ń sọ ni pé, “Ẹ má bínú o. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Mo ṣi lẹ́tà ọmọ mi kà. Ó ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ni, èmi kà á pé ó ti wọ̀ ọ́.” Mo bá jókòó.

Wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n káàánú mi. Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Fíkà wá sílé, ó ní kí n sinmi, pé Ajíbádé ni yóò máa ka Bíbélì láti ìsinsìnyí lọ. Lọ́jọ́ Kérésì, Ajíbádé ka ìwé Àìsáyà, ó fo odidi ẹsẹ kan, èmi sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ojú mi méjèèjì tó mọ́ kedere, n kò lè wí nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á sáré wá dì mí lápá mú. Mo ń jẹ́ kí wọ́n dì mí mú.

Ìdí tí n kò fi kọ̀wé nìyẹn. Mo bínú sí ọ, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí mo bá mú bírò láti bá ọ wí, mo ń rántí ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà. N kò mọ bí a ṣe ń bá ọmọ wí lórí ohun tí àwa náà ṣe.

Máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.

Morónikẹ́


Sheffield
3 Oṣù Kẹta, 1995

Màmá mi,

Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀ ojú irin, mo kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀. Ọmọ́ṣọlá bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Òun náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Mo kọ lẹ́tà kan sí Bàbá Fíkà àti ìjọ, ṣùgbọ́n n kò lè fi ránṣẹ́ sí wọn tààrà. Bí mo bá sọ pé ojú yín ríran, mo ti sọ ohun tí ẹ ṣe nìyẹn. Mo ti fi ẹnu mi bà yín jẹ́ lẹ́ẹ̀kan láìbéèrè, n kò ní tún un ṣe. Inú àpòòwé yìí ló wà, n kò lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi dáná.

Ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ nìyí: “Èmi Olúmúyìwá, ọmọ Rufus, ni mo parọ́ fún ìyá mi pé mo ti yege nínú ìdánwò tí n kò tíì ṣe. Wọ́n fi irọ́ mi dúpẹ́ níwájú yín láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n fi ara wọn bo ìtìjú mi. Ojú wọn kò ní àrùn kankan. Títí di òní tí mò ń kọ̀wé yìí, n kò tíì lè gun òkè náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ ìjọ, àti lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi mí ṣe àwòkọ́ṣe.”

Ọmọ yín,
Olúmúyìwá


Ìyànà Ọ̀fà
24 Oṣù Kẹrin, 1995

Àkànbí,

O kú àtijọ́. Ṣé aya rẹ ti ń bá ọ sọ̀rọ̀?

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń wo lẹ́tà rẹ yẹn. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbé e lọ fún Bàbá Fíkà. Ó kà á, ó wá ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí ó parí síbí. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè mọ́.” Mo ní iwájú gbogbo ènìyàn ni mo ti jó. Ó ní ó dára, òun yóò fún Ajíbádé kó kà á, òun yóò sì ní kó yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo ní rárá o.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù yìí, mo gun orí àga ìkàwé. N kò lo awò ojú. Mo ka lẹ́tà rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo parí tìrẹ, mo sọ tèmi: pé ojú mi ríran, pé mo mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún wọn nígbà ìkórè. Obìnrin kan ṣe ṣìọ̀ lẹ́yìn, mo sì gbọ́ ọ. N kò mọ̀ bóyá ìwọ ló ń ṣe é sí tàbí èmi. Ojú tì mí, Múyìwá. Ó tì mí débi pé n kò mọ bí mo ṣe dé ìjókòó mi.

Mùjíbátù wá bá mi nírọ̀lẹ́. Ó bínú. Ó ní, “Màmá, irọ́ lẹ fi mú mi máa rìn láti ọdún tó kọjá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ti wálẹ̀, òun kò sì mọ ẹni tí òun fẹ́ bínú sí. Ó ṣì rìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kò yà kí mi.

Àwọn àgbà ìjọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní ẹni tó parọ́ níwájú pẹpẹ kò gbọdọ̀ ka Bíbélì fún oṣù mẹ́ta. Ajíbádé ló mú ìwé ìdájọ́ náà wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó na ìwé náà sí mi, kò lè wò mí lójú. Mo ní kó dìde, pé wọ́n dá ẹjọ́ náà dáadáa. Mo ka ìwé náà níṣojú rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà? Láti ìkórè ni wọ́n ti ń ṣàánú mi fún àrùn tí kò ṣe mí. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mò ń jẹ báyìí, tèmi ni, mo sì mọ ọjọ́ tí yóò parí.

Ìyá rẹ,
Morónikẹ́